Oògùn Tó Korò, Ẹnu Tó Ń Rẹ́rìn-ín: Àgbéyẹ̀wò Àwàdà Nínú Ìtọ́jú Tó Ń Ni Èèyàn Lára

Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò àlàyé nípa oògùn tó ń woni sàn tó sì tún ń fìyà jẹni. Ó ti lo chloroquine rí. Kí ìjọba Nàìjíríà tó fi àwọn oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin nínú rọ́pò rẹ̀ ní 2005, chloroquine ni oògùn ibà nílé olówó àti tálákà. Kíkorò rẹ̀ kọ́ ni ẹjọ́. Ẹni tí wọ́n fi ewúro tọ́ dàgbà kì í bẹ̀rù ìyẹn. Ẹjọ́ ibẹ̀ ni pé kí ọjọ́ kan tó pé tí èèyàn gbé e mì, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, láti àtẹ́lẹwọ́ dé àtẹ́lẹsẹ̀ dé àárín ẹ̀yìn tí ọwọ́ kò tó. Àwa ènìyàn dúdú ni yíyún yìí ń bá fínra jù, àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀ dáadáa. Piriton tí àwọn èèyàn ń gbé mì lé e kì í sábà dá a dúró tán.

Síbẹ̀, bí ẹ bá bi àwọn tó fojú rí i léèrè, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi ń sọ ọ́. Òòyà làwọn kan fi ń họ ẹ̀yìn, àwọn mìíràn ń lo ṣùkù àgbàdo. Àwọn ọmọ ilé á pín ara bàbá láàárín ara wọn, ọ̀kan mú apá ọ̀tún, èkejì mú apá òsì. Ẹnìkan á ní kí bàbá fara dà á, pé ibà ló ń sá jáde, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́ lára yẹn. Nínú ilé mìíràn, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún lọ́jọ́ kìíní á kó ìyókù oògùn sábẹ́ ìrọ̀rí, ibà tí kò tíì lọ tán á sì tún padà dìde sí i.

Ìyàtọ̀ àárín ilé méjèèjì yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ìtọ́jú pọ̀ tí a kò lè yẹ̀, tí kò sì sí bí a ṣe lè ṣe é kó dùn: abẹ́rẹ́, rọ́bà ìtọ̀, kẹ́mò, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ìka dókítà nídìí àgbà ọkùnrin tó fẹ́ mọ ipò tí prostate rẹ̀ wà. Ṣé òótọ́ ni pé àwàdà ń mú wọn rọrùn, àbí ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ara rẹ̀ le ń sọ fún ẹni tó wà lórí ibùsùn lásán ni?

Ọkùnrin tó gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú àwọn dókítà òde òní ni Norman Cousins, olóòtú ìwé ìròyìn Saturday Review ní Amẹ́ríkà. Ní 1964, àìsàn kan mú un ní gbogbo oríkèé, débi pé yíyí ara padà lórí ibùsùn di ìṣòro fún un. Ó kúrò ní ilé ìwòsàn, ó lọ gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì. Ó ń gba fítámì C rẹpẹtẹ, ó sì ń wo fíìmù àwọn Marx Brothers àti ètò apanilẹ́rìn-ín tó ń jẹ́ Candid Camera. Ó kọ ọ́ pé bí òun bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ́rìn-ín dénú, òun á fi wákàtí méjì sùn láìsí ìrora. Ìtàn náà jáde nínú New England Journal of Medicine ní 1976, ó sì di ìwé Anatomy of an Illness ní 1979. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ ọ́ kiri pé ẹ̀rín wo Cousins sàn. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ènìyàn kan ṣoṣo ni, àwọn oníṣègùn mìíràn ṣì ń jiyàn lórí irú àìsàn tó ṣe é gan-an, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe pé àìsàn ọ̀hún fúnra rẹ̀ ló rọlẹ̀ nígbà tó tó àkókò. Ohun tí mo gbà nínú ìtàn rẹ̀ ni oorun wákàtí méjì yẹn. Ẹni tí ìrora ti gba oorun lọ́wọ́ rẹ̀ rí mọ ohun tí wákàtí méjì tó.

Ìdẹ̀ra ìrora yẹn náà ni ìwádìí ti ń jẹ́rìí sí. Ní 2011, Robin Dunbar àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n fi ohun tó tutù bíi yìnyín wé ọwọ́ àwọn èèyàn, tàbí kí wọ́n fi okùn tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún apá wọn pinpin, wọ́n sì wo bí wọ́n ṣe lè fara dà á pẹ́ tó. Àwọn tó ti kọ́kọ́ wo eré apanilẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín sókè, fara da ìrora ju àwọn tó wo eré tí kò pani lẹ́rìn-ín lọ. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní ìlú Turku ní Finland yẹ ọpọlọ àwọn ọkùnrin tó ti bá ọ̀rẹ́ wọn rẹ́rìn-ín wò, wọ́n rí i pé ara wọn tú oògùn ìrora tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí mọ́fíìnì ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó jọ mí lójú nínú iṣẹ́ méjèèjì ni pé ẹ̀rín àjọrín ni wọ́n yẹ̀ wò. Yorùbá tó ń gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù pẹ̀lú àbúrò ìyá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n àti ará ìjọ méjì kò ṣìnà rárá.

Mo fẹ́ sọ ibi tí ìmọ̀ yìí parí sí, nítorí àwọn alásọdùn pọ̀. Kò sí ìwádìí tó fi hàn pé ẹ̀rín ń pa jẹjẹrẹ, tàbí pé ó ń dá kíndìnrín tó ti kọṣẹ́ padà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn ṣe é níkà, nítorí bí àrùn bá le sí i, aláìsàn á rò pé òun ni kò rẹ́rìn-ín tó. Ohun tí ẹ̀rín ń ṣe kéré ju ìyẹn lọ, ó sì wúlò púpọ̀: ó ń jẹ́ kí èèyàn lè jókòó títí ìtọ́jú á fi parí, kó sì lè padà wá nígbà tí wọ́n bá tún dá ọjọ́ fún un. Ìtọ́jú tí a sá fún kò lè wo ẹnikẹ́ni.

Ibi tó ti hàn jù ni ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Ní Nàìjíríà, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá máa ń gba abẹ́rẹ́ tó tó mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì á dá orin, àwọn ìyá á máa pàtẹ́wọ́, àwọn mìíràn á dìde jó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Mo fẹ́ràn àṣà yìí, mo sì fẹ́ kó wà títí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá kan abẹ́rẹ́ gan-an. Orin á dákẹ́. Ìyá á rọ̀ mọ́ ọmọ, ojú rẹ̀ á fà ro, gbogbo ẹni tó wà nítòsí á máa wí pé, “Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́ o,” kí abẹ́rẹ́ tó kan ọmọ lára rárá.

Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Ronald Blount, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 1989, wọ́n ka ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí àti òṣìṣẹ́ ìlera ń sọ nígbà tí wọ́n ń gún àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ lábẹ́rẹ́ sínú egungun tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí àgbàlagbà bá ń tọrọ àforíjì, tó ń kẹ́dùn, tó ń sọ pé kò sí nǹkan kan, igbe ọmọ ń pọ̀ sí i. Bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí kò kan abẹ́rẹ́, tó pa ọmọ lẹ́rìn-ín, tàbí tó ní kó fẹ́ atẹ́gun jáde lẹ́nu, ọmọ ń rí ọ̀nà gbà á mọ́ra. Ọmọdé ń ka ojú àgbà. Bí ìyá bá ń kẹ́dùn ṣáájú, ọmọ á mọ̀ pé ohun tó ń bọ̀ burú.

Mo mọ̀ pé èyí le fún wa láti gbà, nítorí ẹni tí kò bá kí ẹni tí nǹkan ń dùn ní pẹ̀lẹ́, aláìlójú-àánú là ń pè é. Kò sẹ́ni tó ní kí a pa pẹ̀lẹ́ tì. Kí ó dúró de ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ni. Ohun tí ó yẹ kó ṣáájú, àwọn ìyá àgbà wa ti ń ṣe é tipẹ́. Ẹ wo ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ tuntun. Ó ń fa ọmọ lọ́wọ́, ó ń fà á lẹ́sẹ̀, ó ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lórí, ohun tí kò sí ọmọ tó ń gbádùn rẹ̀. Kì í bẹ ọmọ. Ó ń kì í ni: Àjàní ni, Àṣàkẹ́ ni, ó ń ka ilé baba rẹ̀ fún un, ó ń pa á lẹ́rìn-ín, ó ń jù ú sókè, ó ń hán an. Kí ọmọ tó pinnu pé òun á sunkún, iṣẹ́ ti parí. N kò sọ pé kí a padà sí rírọ ọmọ lágbo o. Oògùn tí wọ́n fi tipátipá dà sí ọmọ lọ́nà ọ̀fun lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó sì ti pa ọmọ. Oríkì yẹn ni kí a gbé wọ ilé abẹ́rẹ́. Fún ọmọ tó ti gbọ́n díẹ̀, àlọ́ àpamọ̀ dára ju ohunkóhun tí mo mọ̀ lọ. Ẹ pa á fún un gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe ń fi òwú nu apá rẹ̀. Ibi tó ti ń wá ìtumọ̀ kiri ni abẹ́rẹ́ á ti wọlé tí á sì ti jáde.

Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìlànà kan síta lórí dídín ìrora abẹ́rẹ́ àjẹsára kù. Ó ní kí ìyá gbé ọmọ mọ́ra, kó fún un lọ́mú bí wọ́n ṣe ń gún un, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tó ń dunni jù sí ìkẹyìn, kí òṣìṣẹ́ ìlera má sì parọ́ fún ọmọ pé kò ní dùn ún rárá. Ọ̀rọ̀ irọ́ yìí ṣe pàtàkì. Ọmọ tí wọ́n bá tàn jẹ lẹ́ẹ̀kan kò ní gba àwàdà kankan lọ́wọ́ ẹni náà mọ́. Ohun tó tún burú ju irọ́ lọ ni ìdẹ́rùbà tó wọ́pọ̀ láàárín wa: “Bí o ò bá jẹun, màá ní kí dókítà gún ẹ lábẹ́rẹ́.” Ọmọ tó gbọ́ èyí látọdún méjì títí dé mẹ́wàá á dàgbà di ọkùnrin tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ríru pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀ nítorí kó má bàa dé iwájú dókítà. Mo bẹ ẹ̀yin òbí, ẹ jáwọ́ níbẹ̀.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti sọ pípa ọmọ lẹ́rìn-ín ní ilé ìwòsàn di iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́. Michael Christensen, aláwàdà eré sákọ́ọ̀sì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní New York ní 1986: àwọn aláwàdà tó wọ aṣọ dókítà, tí imú wọn pupa, tí wọ́n ń lọ láti ibùsùn dé ibùsùn. Wellington Nogueira tó bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbé e dé São Paulo ní Brazil ní 1991, ó pè é ní Doutores da Alegria. Ní 2020, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ tẹ àbájáde ìwádìí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n kó jọ, èyí tó kan ọmọ 1,612. Níbi púpọ̀, ẹ̀rù àwọn ọmọ tó rí aláwàdà kí wọ́n tó gba ìtọ́jú dín kù. Ti ìrora kò dúró lójú kan. Ilẹ̀ tó bí Moses Ọláìyá, Baba Sàlá, tí odindi àdúgbò ń kó jọ sídìí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo láti wò, kò yẹ kí irú iṣẹ́ yìí wọ́n nínú àwọn wọ́ọ̀dù ọmọdé rẹ̀.

Ti àgbà yàtọ̀. Ohun tó ń ni àgbà lára jù, kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ìrora. Ìtìjú ni. Ẹ wọ wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ní ọsibítù ńlá èyíkéyìí nílẹ̀ wa. Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún tí wọ́n fẹ́ ki rọ́bà ìtọ̀ bọ̀ á wo nọ́ọ̀sì tí kò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ, á ní, “Ìyàwó mi, ẹni tí ò ń wá níbẹ̀ yẹn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́.” Nọ́ọ̀sì á dá a lóhùn pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká bá a wo ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ná.” Gbogbo wọ́ọ̀dù á bú sẹ́rìn-ín, rọ́bà á sì wọlé. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, màmá tí wọ́n ní kó tú aṣọ fún àyẹ̀wò á pe dókítà kékeré ní “ọkọ mi”, á ní kó má lọ sọ ohun tó rí fún ìyàwó àgbà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀kọ́rọ̀. Ìhòòhò ti gba ipò àgbà lọ́wọ́ bàbá yẹn. Àwàdà ló fi gbà á padà. Ó tún di ẹni tó ń ṣí ọ̀rọ̀, tí ọmọdé ń fèsì.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ààrẹ Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 1981, wọ́n yìnbọn fún Ronald Reagan ní Washington. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kùn ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ, ó wo àwọn dókítà yíká, ó ní òun gbàdúrà pé ẹgbẹ́ òṣèlú Republican ni gbogbo wọn ń ṣe. Joseph Giordano, ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Democrat, dá a lóhùn pé lọ́jọ́ yẹn, Republican ni gbogbo àwọn. Ọta ìbọn ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ o.

Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo àpẹẹrẹ àwọn àgbà wọ̀nyí, aláìsàn ló kọ́kọ́ la ẹnu. Èyí ni mo kà sí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Aláìsàn ló ni àwàdà yẹn. Nígbà tí ẹni tó mú abẹ́rẹ́ tàbí ọ̀bẹ lọ́wọ́ bá fi ẹni tó sùn sílẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, nǹkan mìíràn ló ń ṣe. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti rọbí rí ní Nàìjíríà mọ gbólóhùn náà: “Nígbà tí ẹ̀ ń ṣe é, ṣé ẹ ké sí mi?” Àwọn tó wà níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín, àyàfi obìnrin tí ìrọbí mú. Rod Martin, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Kánádà, pín àwàdà sí ọ̀nà mẹ́rin ní 2003: èyí tó ń so ènìyàn pọ̀, èyí tí ènìyàn fi ń gbé ara rẹ̀ ró, èyí tó ń gún ẹlòmíràn lára, àti èyí tí ènìyàn fi ń tẹ́ ara rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ló ń bá ìlera rìn. Ti yàrá ìrọbí yẹn jẹ́ ẹ̀kẹta, mo sì gbà pé ó wà lára ohun tó ń mú àwọn obìnrin kan yàn láti bímọ sílé, níbi tí ẹ̀jẹ̀ lè dà títí tí kò fi ní sí ẹni tó lè dá a dúró. Kí àwọn ọ̀gá nọ́ọ̀sì fòfin dè é.

Nípa àyẹ̀wò ìfun ńlá, mo fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí àyẹ̀wò yìí ń gba ẹ̀mí là, àwọn èèyàn sì ń sá fún un. Wọ́n ń ti ẹ̀rọ ayàwòrán tẹ́ẹ́rẹ́ gba ìdí wọ inú ìfun láti wá ohun tó lè di jẹjẹrẹ, kí wọ́n sì gé e kúrò lójú ẹsẹ̀. Ní 2021, àwọn ìgbìmọ̀ elétò àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà mú ọjọ́ orí tó yẹ kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun láti àádọ́ta wá sí márùndínláàádọ́ta. Chadwick Boseman, òṣèré Black Panther, ti kú ní ọdún tó ṣáájú, jẹjẹrẹ ìfun ló pa á lẹ́ni ọdún 43. Ní ilé ìwòsàn Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúṣẹ́gun Alátiṣe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń bá ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ Memorial Sloan Kettering ní New York ṣiṣẹ́ pọ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún lórí àrùn yìí gan-an, nítorí àwọn aláìsàn wa sábà máa ń dé nígbà tí ó ti pẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi ń pẹ́ ju ẹyọ kan lọ: owó wà níbẹ̀, àìmọ̀ wà níbẹ̀. Ìtìjú náà wà níbẹ̀. Kò sì sí ohun tó ń ṣí ìtìjú lójú bí ẹni tó ti lọ tó padà wá sọ ọ́. Dave Barry, aláwàdà tó kọ̀wé fún Miami Herald, ti sá fún àyẹ̀wò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí jẹjẹrẹ ìfun fi mú àbúrò rẹ̀, tí wọ́n tètè rí i. Ó lọ, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ síta ní 2008: oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi mu kí inú lè ṣófo, òru tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò sinmi, àti bí àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ṣe kọjá lójú oorun. Àròkọ yìí ṣì ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín àwọn tí wọ́n ti dá ọjọ́ àyẹ̀wò fún. Àwa náà ní ẹnu irú rẹ̀. Àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi kì í tijú ìtàn ìgbẹ́ gbuuru tó mú wọn nínú ọkọ̀ Èkó. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ ṣe àyẹ̀wò, kó fi ẹnu kan náà ròyìn rẹ̀ fún àwọn tó kù. Ìyẹn á gbé ẹsẹ̀ wọn ju ìwé tí ìjọba lẹ̀ mọ́ ògiri lọ.

Ohun kan wà tí àwọn dókítà náà lè ṣe. Donald Redelmeier àti Joel Katz ní Toronto, pẹ̀lú Daniel Kahneman tó gba ẹ̀bùn Nobel, ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003, pẹ̀lú aláìsàn 682 tó wá fún àyẹ̀wò ìfun yìí. Fún ìdajì wọn, dókítà kò tètè fa ẹ̀rọ jáde. Ó jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ níparí, níbi tí kò ti ń dunni púpọ̀. Àwọn wọ̀nyí pẹ́ lórí ibùsùn ju àwọn tó kù lọ, síbẹ̀ ohun tí wọ́n rántí kò le tó ti àwọn tó kù. Bí ìtọ́jú ṣe parí ni ọkàn ń gbé lọ sílé. Nítorí náà, ìṣẹ́jú ìkẹyìn kì í ṣe ìgbà tí nọ́ọ̀sì ń kó irinṣẹ́ tí kò wo ojú aláìsàn mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni “Ẹ kú ewu o, bàbá” yẹ kó jáde, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ìtọ́jú ọlọ́jọ́ gbọọrọ ní ìṣòro tirẹ̀. Ẹni tó ń gba ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ á máa lo oògùn fún oṣù mẹ́fà, ara á sì ti yá a tipẹ́ kí oṣù mẹ́fà tó pé. Rifampicin tó wà nínú oògùn náà ń mú kí ìtọ̀, òógùn àti omijé pọ́n. Ẹni tí wọn kò sọ fún á rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, á dá oògùn dúró lóru ọjọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ á ti sọ fún un tẹ́lẹ̀, á ní, “Ọ̀la, tí o bá rí ìtọ̀ tó dà bíi Fanta, wá sọ fún mi kí n mọ̀ pé o lo oògùn.” Aláìsàn á padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín, á ní Fanta ti dé. Ẹ rí i pé òtítọ́ ló wà nínú àwàdà yẹn. Ó ti gba ẹ̀rù kúrò kí ẹ̀rù tó dé.

Àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ń jókòó sídìí ẹ̀rọ fún bíi wákàtí mẹ́rin, ó sì yẹ kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, bí owó bá wà. Ẹ̀rín wọn kì í ṣe ẹ̀rín aláwàdà. Ti ẹgbẹ́ ni: wọ́n mọ orúkọ ọmọ ara wọn, wọ́n mọ ẹni tó jí omi mu jù lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí á fi jẹ́wọ́. Ẹni tí kò ní àìsàn yẹn kò lè wọ inú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kó gbìyànjú.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe yẹ ká ṣọ́ra fún ìdùnnú ipá. Barbara Ehrenreich, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó ní jẹjẹrẹ ọmú, kọ̀wé ní 2001 nípa bí gbogbo èèyàn ṣe fẹ́ kí òun máa rẹ́rìn-ín, bí wọ́n ṣe ń fún òun ní ẹ̀bùn aláwọ̀ osùn bí ọmọdé, tí wọ́n sì ń bá òun wí nígbà tí inú ń bí òun. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ, aláìsàn tó parí ìtọ́jú máa ń lu agogo. Ọ̀gá ológun ojú omi kan, Irve Le Moyne, ló gbé agogo àkọ́kọ́ wá sí MD Anderson ní Houston ní 1996, àṣà náà sì tàn káàkiri. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí àwọn oníṣègùn University of Southern California tẹ̀ jáde ní 2019 rí i pé àwọn tó lu agogo rántí ìnira ìtọ́jú wọn bí ohun tó le ju bí àwọn tí kò lù ú ṣe rántí tiwọn lọ. Mo tún ń ronú nípa ẹni tó wà ní ibùsùn kejì, tí wọ́n ti sọ fún pé ìtọ́jú tirẹ̀ kò ní parí, tó ń gbọ́ agogo náà lójoojúmọ́.

Àwa náà ní tiwa. Láyé àtijọ́, ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá kú nínú àrùn Ṣọ̀pọ̀ná kò gbọdọ̀ sunkún. Ọpẹ́ ni wọ́n ní kó dú, kí òrìṣà má bàa tún mú ẹlòmíràn. Lónìí, nínú ìjọ púpọ̀, wọ́n ń sọ fún ẹni tí kẹ́mò ti mú irun rẹ̀ lọ pé kó má fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ àìsàn, kó máa wí pé ara òun le koko. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti dí lẹ́nu báyìí kò ní sọ fún dókítà pé èébì òun kò dáwọ́ dúró, oògùn èébì tí ì bá ràn án lọ́wọ́ kò sì ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Aláìsàn gbọ́dọ̀ lè sunkún láàárọ̀, kó rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án, kí ẹnikẹ́ni má sì bi í léèrè èwo ni ìgbàgbọ́ nínú méjèèjì.

Ara náà ní ibi tí ẹ̀rín kò ti bá a mu. Obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún láti gba ọmọ mọ̀ pé bí àbúrò ọkọ bá wá pa òun lẹ́rìn-ín, ojú abẹ lá dáhùn. Kó fi ìrọ̀rí tẹ̀ ẹ́, tàbí kó lé àbúrò ọkọ jáde títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní 2013, Robin Ferner àti Jeffrey Aronson kó irú ewu bẹ́ẹ̀ jọ nínú BMJ: ẹ̀rín líle lè dá ikọ́ fée sílẹ̀, ó lè mú ìpá yọ, ó lè mú èèyàn dákú.

Ọ̀rọ̀ ìrora líle ló kù, òun ló sì ń ká mi lára jù. Àwọn onímọ̀ ní University of Washington ní Seattle, Hunter Hoffman àti David Patterson, ṣe eré kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní SnowWorld fún àwọn tí iná jó. Bí wọ́n ṣe ń fọ ojú egbò, aláìsàn á wọ awò kan sójú, á máa rìn nínú ilẹ̀ yìnyín, á máa ju yìnyín lu àwọn ẹyẹ pẹ́ńgúìnì. Ìrora tí wọ́n ń ròyìn dín kù gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fún wọn ní oògùn ìrora ná. Eré náà jẹ́ àfikún, kò gba ipò oògùn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìlú wa ti kùnà nìyí: ẹni tí wọ́n ń tú báńdéèjì lára egbò iná ń ké, wọ́n ní kó ṣe ọkàn akin, ẹnìkan ń pa á lẹ́rìn-ín, kò sì sí mọ́fíìnì nílé oògùn. Ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyánnwò, oníṣègùn akunnilóorun, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pé ìrora fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí a ń tọ́jú, pé mọ́fíìnì tí dókítà wọ̀n dáadáa kì í sọ ẹni tí jẹjẹrẹ ń dùn di ẹni tí oògùn ti di bárakú fún. Ẹ̀kọ́ yẹn kò tíì dé gbogbo wọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin tó ń bá aláìsàn lọ sí ọsibítù, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àwàdà, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì: “Aájò yín kò ní tán o, aunti nọ́ọ̀sì, oògùn ìrora wo ni ẹ ti fún un, ìgbà wo ni ẹ fún un, ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?” Bí kò bá tíì ṣiṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n dúró ná kí wọ́n tó tú báńdéèjì.